Ta Ló Di Àjẹ̀ Mú?

Atukọ̀ kan wà tí ó mọ ọkọ̀ tù ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í tètè gúnlẹ̀.

Ọlábọ̀dé, gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná, kí o jókòó, kí o gbọ́ mi. Mo ti rí i. Mo rí bí ó ṣe lọ síwájú díẹ̀, tí ó kan ẹsẹ̀ àga, tí ó padà sẹ́yìn, tí ó tún lọ síwájú, tí ó wá dúró lójú kan tí ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. O ní ẹ̀rọ tó ń dá rìn ni. O ní kò sẹ́ni tó ń tì í, kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa pinnu ohun tí yóò ṣe. O ní apá kan nínú rẹ̀ ń sọ pé kó lọ sí ibi tí o rán an, apá kejì ń sọ pé kó sá fún ohunkóhun tó bá dí i lọ́nà, apá kẹta ń sọ pé kó padà sílé kí iná bátìrì rẹ̀ tó tán. O ní olúkúlùkù wọn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, síbẹ̀ ẹ̀rọ kò kúrò lójú kan, o kò sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. N kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ o, ṣùgbọ́n mo fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbọ̀n níwájú ẹsẹ̀ àga. Iṣu rẹ nìyẹn. Máa jẹun bí o ti ń gbọ́.

Atukọ̀ tí mò ń wí yìí, ènìyàn dáadáa ni. Ohun tó kó bá a gan-an nìyẹn. Odò tí ó ń tù kò fẹ̀ púpọ̀. Bí o bá dúró ní èbúté ìhín tí o pariwo, ẹni tó wà ní èbúté ọ̀hún á dá ọ lóhùn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń ná ibẹ̀, òun nìkan ló sì ń tù ú.

Nínú ara rẹ̀, àfi bíi pé àwọn mẹ́rin ló ń gbé ibẹ̀. Ọ̀kan ń tukọ̀. Ọ̀kan ń kí ènìyàn, torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ó sì gbẹ̀kọ́. Ọ̀kan láàánú, kò lè gbọ́ kí ẹnìkan pè é kó má yà. Ọ̀kan ń bẹ̀rù omi, òun ni kò sì jẹ́ kí odò ti gbé e lọ láti kékeré. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ara kan ni wọ́n jọ ń lò, ọwọ́ méjì péré, àjẹ̀ ìtukọ̀ ẹyọ kan. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nínú wọn ni ara máa ń dá lóhùn.

Ní ọjọ́ tí kò sí èrò, kò sí wàhálà. Ọjọ́ ọjà ni kí o wá wò ó. Yóò kó èrò sínú ọkọ̀, yóò tù ú dé àárín odò. Obìnrin kan á sáré dé èbúté lẹ́yìn, á ní, "Atukọ̀, dúró dè mí o!" Àánú á ṣe é, á yí ọkọ̀ padà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á figbe ta: "Níbo lò ń gbé wa lọ? Ọjà ti kún!" Á yí ọkọ̀ síwájú. Obìnrin ẹ̀yìn á ní, "Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn ni?" Á tún yí i padà. Báyìí ni wọn yóò máa pòyì láàárín omi títí oòrùn á fi kan wọ́n ní àtàrí. Yóò máa bẹ gbogbo wọn, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú," àwọn tí ń bẹ níwájú, àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó gbé adìyẹ dání wo bí àjẹ̀ ti ń yí nínú omi, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọkọ̀ lò ń tù ni, àbí ọkà lò ń rò?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Atukọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ ìyàwó láti ìlú tó wà ní òdì kejì odò. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, bàbá ìyàwó ní òun fẹ́ wá kí ọmọ òun nílé ọkọ. Bàbá náà múra lọ́jọ́ náà. Agbádá rẹ̀ le gbagidi bí pátákó, fìlà abetí ajá tuntun wà lórí rẹ̀. Atukọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un ní èbúté, ìyẹn dára. Ó dì í lọ́wọ́ mú wọnú ọkọ̀, ìyẹn náà dára. Wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi gbé ń fa ọkọ̀, inú àna dùn sí bí ọmọkùnrin náà ti ń tukọ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á túbọ̀ fún ọ lókun."

Yéè! Bàbá ìyàwó ṣàdúrà fún ọ, o wá nà ró gọngọ síbẹ̀? Ẹni tó ń kí ènìyàn nínú rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó já ara gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tukọ̀, ó ju àjẹ̀ nù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nínú ọkọ̀ o! Lójú omi!

Ọkọ̀ dojú dé. Ọpẹ́ ni pé omi ibẹ̀ kò ju àyà lọ. Wọ́n wọ́dò jáde, àwọn méjèèjì. Fìlà abetí ajá bá odò lọ ní tirẹ̀, ó dúró ṣánṣán lórí omi bí ẹni tó ń lọ sóde.

Atukọ̀ tún nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àna rẹ̀ bọ́ agbádá, ó fún omi rẹ̀ kúrò, omi ń dà ṣùrù. Ó ní, "Nígbà tí ìwọ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, ta ló di àjẹ̀ mú?"

"Kò sẹ́ni kankan, Bàbá."

"Mo mọ̀. Inú omi ni mo wà nígbà yẹn." Ó fi agbádá tútù kọ́ èjìká, ó sì lọ kí ọmọ rẹ̀ nílé.

Ọlábọ̀dé, má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. O gbé iṣu, o gbé e sílẹ̀, o tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Jẹ iṣu.

Ojú ti atukọ̀ yìí débi pé kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ó wá ṣe òfin fún ara rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, títù ọkọ̀ ló ṣíwájú ohun gbogbo. Bí ó bá ti wọnú ọkọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kò wo ẹ̀yìn. Wọn á ní, "Ẹ kú ojú omi o!" Kò ní lajú wò wọ́n. Obìnrin ẹ̀yìn á pariwo títí ohùn á fi há. Kò kàn án. Ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀! Àwọn ènìyàn yìn ín. Wọ́n ní ó ti gbọ́n. Ó tó oṣù kan gbáko tí nǹkan fi dára bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ó kó àwọn onígaàrí lọ́jọ́ kan. Ìyá kan nínú wọn ní, "Atukọ̀, omi ń wọlé níbí o." Kò yíjú. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun bá gbọ́ ti ẹyọ kan, ti gbogbo wọn ni òun máa gbọ́. Ìyá náà ní, "Atukọ̀, omi ti dé kókósẹ̀ mi." Kò yíjú. Ó ń tukọ̀, ó ń làágùn, iwájú ló kọjú sí. Ọkọ̀ rì nígbà tó ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kó gúnlẹ̀, omi dé ìbàdí rẹ̀, ó ṣì ń tukọ̀. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n agbọ̀n gaàrí márùn-ún ló di ẹ̀bà nínú odò. Ìyá yẹn bú u, ó bú ìran rẹ̀, ó bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Bí ó ti tún ọkọ̀ ṣe tán, ilé àna rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí mo ń gbọ́ ti gbogbo wọn, ọkọ̀ dojú dé. Nígbà tí n kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ rì. Kí ni kí n ṣe?"

Àna rẹ̀ ní, "Wo ẹ̀yìnkùlé yẹn. Odó mélòó lo rí?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Ìyàwó méjì ló ń lò ó. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ odó, a ó ti wò ó: ọmọ ta ni ebi ń pa jù lónìí? Ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gún. Bí ó bá ti da iṣu sódó, tirẹ̀ ni odó títí yóò fi kó iyán rẹ̀ kúrò. Èkejì á jókòó ti iṣu tirẹ̀. N kì í lé e lọ. N kì í sì í sọ fún un pé iṣu rẹ̀ kò dáa. Ó mọ̀ pé yóò kan òun. Nígbà tí wọ́n ń já odó gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, iyán oníkókó la máa ń jẹ nínú ilé yìí."

"Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gúnyán lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Bí ẹnìkan bá ké pé ọbẹ̀ òun fẹ́ gbẹ lórí iná, ó lè dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ilé ń jó, ìwọ rò pé yóò ní kí iyán òun kọ́kọ́ dára ná?"

Atukọ̀ ronú díẹ̀. Ó ní, "Lójú odò, kí ni ilé tó ń jó?"

"Omi nínú ọkọ̀ ni," ni àna rẹ̀ wí. "Kò sí òmíràn."

Ó lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò rọrùn fún un. Ara tí fífò kiri ti mọ́ lára, kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń jókòó. Ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú, ìyàwó rẹ̀ sì ti lóyún, oyún náà sì ń dàgbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ mú ìyàwó náà. Àwọn obìnrin àdúgbò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà rí i pé ìrọbí yìí le ju èyí tí àwọn mọ̀. Agbẹ̀bí wà ní òdì kejì odò. Wọ́n ní, "Lọ pè é wá, kíá. Bí kò bá tètè dé, a kò mọ̀ o." Atukọ̀ sáré dé etí omi. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó bi ara rẹ̀ pé ta ló ni odó lónìí. Lẹ́yìn náà ló gbé àjẹ̀.

Ó dé àárín odò. Ní àárín gan-an, níbi tí ẹ̀yìn àti iwájú gbé jìnnà bákan náà, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ké, ó pe orúkọ rẹ̀. Haà! Ọlábọ̀dé, ìwọ náà mọ bí ó ti máa ń rí. Gbogbo ara rẹ̀ ní kó padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti yí àjẹ̀, orí ọkọ̀ ti ń ṣẹ́rí. Bí ó bá padà, kí ni yóò fi ṣe? Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni yóò dì mú, wọn á tún ní kó lọ pe agbẹ̀bí, yóò tún dé àárín odò, yóò tún gbọ́ igbe.

Ó fọhùn sí aláàánú inú rẹ̀, òun nìkan lójú omi. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Jókòó ti iṣu rẹ." Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó yí orí ọkọ̀ síwájú, ó sì wà á lọ.

Nígbà tó dé òdì kejì, agbẹ̀bí ti gbọ́ igbe náà, ó ti wà ní èbúté. Ta ló dúró tì í? Bàbá ìyàwó. Ó ti gbọ́ pé àkókò ọmọ òun ti tó, ó sì ń bọ̀ wá kí i, òun àti agbádá, òun àti fìlà mìíràn. Ẹ̀yìn atukọ̀ tẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́ kanlẹ̀. Ó nàró padà. Ó ní, "Bàbá, mo ti dọ̀bálẹ̀ nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ti òde dúró títí a ó fi gúnlẹ̀."

Àna rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀," ó sì wọlé.

Wọ́n ń bọ̀ kíkankíkan. Ọkọ̀ gbá kùkùté igi kan nísàlẹ̀ omi, gbà! Pákó là, omi ń tú wọlé. Atukọ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó ń kì í bọ ojú ihò náà. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀. Agbẹ̀bí figbe ta, ó ní, "Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ìyàwó rẹ ń rọbí, o fi àjẹ̀ sílẹ̀! Tukọ̀!"

Atukọ̀ ní, "Màmá, omi ló kàn báyìí. Ẹ bá mi gbọ́n ọn."

Igbá kankan kò sí nítòsí. Àna rẹ̀ wo omi, ó wo ọ̀run, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbọ́n omi. Fìlà kejì nìyẹn o. Nígbà tí ihò dí, tí omi inú ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀, atukọ̀ kò jókòó láti gbọ̀n, kò sì dúró láti ṣàlàyé. Ó gbé àjẹ̀ padà. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko gbágùúdá kan nísàlẹ̀ èbúté. Agbẹ̀bí fò bọ́ sílẹ̀, ó sáré. Atukọ̀ tẹ̀ lé e, ó kọjá lára àna rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, láìkí i, láìbojúwẹ̀yìn. Bàbá náà dúró nínú oko gbágùúdá, ó ń fún omi kúrò lára fìlà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ó tó wákàtí kan. Àwọn obìnrin bú sórin. Ọmọ obìnrin ni, ìyá rẹ̀ sì yè, ara rẹ̀ le, ó tilẹ̀ ń béèrè oúnjẹ.

Ìgbà náà ni atukọ̀ jáde sí gbangba, kò wọ aṣọ sọ́rùn, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ó rí àna rẹ̀ lábẹ́ igi níwájú ilé. Ó lọ bá a, ó sì dọ̀bálẹ̀. Irú ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí: àyà kanlẹ̀, iwájú orí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, torí pé kò sí ohun tó ń lé e mọ́.

Àna rẹ̀ ní, "Ta ló di àjẹ̀ mú?"

Ó dáhùn láti ilẹ̀ tó wà. Ó ní, "Kò sẹ́ni kankan, Bàbá. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀."

Ó parí. Ọlábọ̀dé, má yọ apá kankan kúrò lára ẹ̀rọ rẹ. Èyí tó ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ àga kò ṣẹ̀, èyí tó ń ronú bátìrì kò ṣẹ̀. Jẹ́ kí gbogbo wọn sọ tẹnu wọn kó tó gbéra. Kí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le jù gba ara, kí ó sì lò ó tó láti dé ibì kan, kì í ṣe kí wọ́n máa jà á gbà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kí àwọn tó kù jókòó ti iṣu wọn. Kí igbe kan ṣoṣo sì wà tó lè gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ìwọ fúnra rẹ sì ti mọ èyí tó jẹ́ kí ọkọ̀ tó bọ́ sómi. Ti ẹ̀rọ nìyẹn. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo rí tó ń gbọ̀n nínú yàrá yìí. Ṣijúadé ìyàwó rẹ wà nílé ìyá rẹ̀ ní Ìkirè, oyún oṣù mẹ́sàn-án nínú. Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó ní ọmọ kò tíì mú òun, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ní kọjá. Ó ní ìgbà méjì lo ti pè é láti gáréèjì pé o ti ń bọ̀, ìgbà méjì náà lo tún padà sídìí ẹ̀rọ. Bí o bá dé ìdí ẹ̀rọ, ọkàn rẹ á lọ sí Ìkirè. Bí o bá dé gáréèjì, ọkàn rẹ á padà sídìí ẹ̀rọ. Ìwọ kò ṣe ọkọ, ìwọ kò ṣe ẹ̀rọ. Iṣu tí mo gbé síwájú rẹ gan-an, o kò jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Mo mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ lo máa fi ẹ̀rọ náà han àwọn ọ̀gá rẹ. Ọmọ inú Ṣijúadé kò mọ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọ̀gá yẹn lè jókòó ti iṣu wọn.

Ẹ̀n-ẹ́n, dìde. Mú báàgì rẹ. Ṣé o fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ ni? Rárá o, fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò ní lọ ibì kankan. Ohun tí o wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí náà nìyẹn.